Erinmi Inú Agolo Ìtọ́jú Eyín

                                                  Yàrá Fíìmù Àtijọ́,
                                                  Abẹ́ Ilé, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàrá Ọwọ̀ àti Bọ́kẹ́ẹ̀tì,
                                                  Ilé-Iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn ju bó ṣe ń fèsì lẹ́tà lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà báyìí pé ẹni tó se oúnjẹ kọ́ ló tún gbọ́dọ̀ fọ abọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àárín tó ní òun ò lọ síléèwé mọ́ àfi tí wọ́n bá yí tíṣà òun padà? Orúnkún tó ń dùn ẹ́ ńkọ́, ṣé o ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àbí o ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ kó jọ̀wọ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Mo rí káàdì tó o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá gbà. Ọ̀rọ̀ méje ló wà nínú ẹ̀, orúkọ ẹ sì kó méjì nínú wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè dà bíi pé mo rí nǹkan kà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè, nítorí náà mi ò bínú rárá, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò lónìí, ó yá, wá ibì kan jókòó sí. A ti rí fíìmù bàbá ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, kàtúùnù ọjọ́sí yẹn, *Àga Erinmi*, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́fà tí bàbá ẹ ti ń ròyìn fún onígbàjámọ̀, fún ẹni tó ń pín lẹ́tà, fún ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà pè wọ́n lórí fóònù, láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìwọ náà mọ ìtàn ẹ̀ lákàsórí. Bàbá ẹ fi ọdún mẹ́ta yà á lọ́wọ́, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọ̀gá Oníkọ́, tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ wa nígbà náà, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n lọ sun ún. Màmá ẹ, tó jẹ́ akọ̀wé yàrá fíìmù, sì sun ún. Irọ́ ni apá tó kẹ́yìn yìí.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe rí i, nítorí pé Ọ̀gá Tuntun wa ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún ló bí i. Bí ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún náà ṣe lọ nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà eléyín kan kọ̀wé sí wa pé òun ń wá fíìmù àtijọ́ kan nípa eyín fífọ̀, òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ iléèwé. Ọ̀gá Tuntun, tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ ilé rí nítorí pé òórùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí kóòtù wọn sinmi, ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wá a títí. Ní pẹpẹ tó kéré jù, lẹ́yìn àwọn fíìmù tí wọ́n fi ń kọ́ àgbẹ̀ nípa ajílẹ̀, mo rí agolo kan tí wọ́n kọ "Ìtọ́jú Eyín, Apá Kejì" sí lára. Kò sí Apá Kìn-ín-ní níbì kankan. Ó yẹ kí ìyẹn kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n nílé-iṣẹ́ tiwa, kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì kì í ṣe tuntun. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣí i. Tó o bá fi aago kà á, ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún náà gba wákàtí mẹ́ta, a sì tún jẹun láàárín ẹ̀.

Òórùn fínígà ló kọ́kọ́ jáde, bó ṣe máa ń rí tí fíìmù bá ti gbó. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì onígíláàsì wa, mo tan gílóòbù abẹ́ ẹ̀, mo gbé awò sójú. Eyín ni mò ń retí. Mo rí eyín lóòótọ́, méjì, ńláńlá, lẹ́nu erinmi kan tó wọ táì.

Ọ̀rẹ́ mi, mo gbàgbé dókítà eléyín. Mo rọra ń fà á, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n fi Erinmi jẹ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan nínú odò, ó ní àga tí wọ́n gbé fún òun kéré. Wọ́n gbé òmíràn wá, ó tún kéré. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn kí àga lè wọlé, wọ́n yọ fèrèsé, wọ́n wó ògiri, títí tó fi jẹ́ pé àga nìkan ló kù nínú ọ́fíìsì. Àwọn ẹja àti akàn kó fáìlì wọn lọ sétí odò, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Erinmi sì wà lókè níbẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kó tó pàṣẹ kankan, á gbé ìpéǹpéjú òsì sókè, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ẹ ti búra lọ́jọ́ tó ti pẹ́ pé ẹranko lásán làwọn yà. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹ gan-an, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Oníkọ́ ni. Ìrù nìkan ni wọ́n fi kún un.

Ìwé kan wà ní ìsàlẹ̀ agolo náà, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Àṣẹ ni, Ọ̀gá Oníkọ́ sì fọwọ́ sí i: kí wọ́n sun fíìmù náà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ku ẹyọ kan. Mo lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọdún yẹn wá. Ó wà níbẹ̀ bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n: "*Àga Erinmi*. A ti sun ún," pẹ̀lú ìfọwọ́sí màmá ẹ. Mo gbé agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. O mọ bí màmá ẹ ṣe ń kọ "E", tí ìrù ẹ̀ á ká bí ìwọ̀ ẹja. Ọwọ́ tó kọ ọ́ pé ó ti jóná náà ló kọ ọ́ pé eyín ni.

Mo jókòó sórí àpótí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ màmá ẹ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so fíìmù tó bá já, bí wọ́n ṣe ń fi ìbọ̀wọ́ funfun gbá a mú létí. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo gbà nínú ọkàn mi pé wọ́n sun iṣẹ́ ọkọ wọn, mi ò sì bi wọ́n rí. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Ọlọ́wọ̀ èèyàn ni mí, àbí o ò mọ̀.

Bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbà lọ. Wọ́n ń ṣẹ́ etí kọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn. Mo ní a ti rí nǹkan kan nínú agolo eyín. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, wọ́n ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé ẹ máa ń fọ eyín níbẹ̀." Wọ́n wá bi mí bóyá omi odò inú fíìmù náà ṣì búlúù. Mo ní ó ti ṣá díẹ̀. Wọ́n ní kí n sún mọ́wájú, mò ń dínà ìmọ́lẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, o mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ tí àṣẹ yẹn dé, àwọn gbé fíìmù náà lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí, àwọn dúró tì í, àwọn tún gbé e padà wọlé. Fíìmù ajílẹ̀ kan tó ti bàjẹ́ ni wọ́n sun dípò ẹ̀, kí èéfín lè wà fún ẹni tó bá ń yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n fi orúkọ eyín bo *Àga Erinmi* nítorí pé àwọn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ fún bàbá ẹ lọ́jọ́ náà nítorí pé bàbá ẹ á ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọ̀gá Oníkọ́ á sì ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fẹ́ ní sùúrù títí wọ́n á fi gbé ọ̀gá náà lọ síbòmíràn. Ariwo ti wà pé oṣù méjì ló kù. Ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò. O mọ bí ariwo ilé-iṣẹ́ wa ṣe ṣeé gbára lé tó.

Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì ọ̀hún tó pé, bàbá ẹ rí ìwé àkọsílẹ̀. Ìyókù, ìwọ lo wà níbẹ̀, èmi kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ́ nígbà tí bàbá ẹ kó pẹ́ńsù àti búrọ́ọ̀ṣì wọn sínú páálí, tí wọ́n ń sọ níwájú ẹ pé obìnrin yìí ti sun ayé àwọn, tí o sì di ọwọ́ páálí kejì mú, tí o tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà, ìkíni ọdún àti fóònù oníṣẹ́jú márùn-ún ló kù láàárín ìwọ àti màmá ẹ. Mi ò dá ẹ lẹ́jọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe lọ́yà. Mo kàn rántí pé o ti lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án báyìí.

Mo bi màmá ẹ léèrè ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí bàbá ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n gé òwú, wọ́n so ó, wọ́n tún gún abẹ́rẹ́ wọlé kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mi gbé fún ọdún mọ́kànlá, tó rí ìlà kan nínú ìwé, tó gba ìwé gbọ́ jù mí lọ. Kí ni kí n sọ fún un?" Wọ́n ní àwọn dúró kí bàbá ẹ bi àwọn léèrè. Wọ́n dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó ṣe, ìdúró náà ti mọ́ wọn lára.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá bàbá ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kọ pátákó ìpolówó. Mo sọ pé a rí fíìmù wọn. Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sórí lẹ́tà "K" tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, wọ́n ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, wọn ò sì mọ̀. Ìbéèrè kìíní wọn náà ni ti omi búlúù. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe lè máa ronú nípa omi kan náà. Ìbéèrè kejì ni ẹni tó fi í pamọ́. Màmá ẹ ti kìlọ̀ fún mi kí n má dárúkọ ẹnì kankan, mo sì pa àṣẹ mọ́. Mo kàn gbé ìdérí agolo tí wọ́n kọ "Ìtọ́jú Eyín" sí jáde nínú báàgì, mo gbé e fún wọn. Bàbá ẹ wò ó. Wọ́n yọ awò, wọ́n nù ún lára ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi í padà, wọ́n tún wò ó. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ìwọ gbìyànjú kó o fojú inú wo bàbá ẹ tí wọn ò sọ̀rọ̀, o máa rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó.

Ọ̀gá Tuntun ní a gbọ́dọ̀ ṣayẹyẹ. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n kó àga sí sítúdíò ńlá, wọ́n gé ríbọ̀n níwájú aṣọ funfun tí fíìmù máa hàn lórí ẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí ríbọ̀n náà ń dí. Ọ̀rọ̀ ìkíni Ọ̀gá Tuntun gba ìṣẹ́jú méjìlélógún, fún fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí, ìyẹn èmi àti gílóòbù mi, láìdárúkọ ìkankan nínú wa. Dókítà eléyín náà wá, ẹni rere, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó ń bi mí bóyá Apá Kìn-ín-ní máa tẹ̀ lé e.

Àlejò pàtàkì wa, ọ̀rẹ́ mi, ni Ọ̀gá Oníkọ́ fúnra wọn. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi wọ́n sí iwájú pátápátá. Ẹni tó pe àwọn àlejò ò mọ nǹkan kan, àbí ó mọ̀, mi ò lè sọ. Bàbá ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sórí ìwé mẹ́ta. Màmá ẹ wá lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná, wọ́n jókòó sórí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú báàgì wọn lórí itan bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Fíìmù náà dára. Mo ti ń wò ó lórí gíláàsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kó rìn rí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an, Ọ̀gá Oníkọ́ ló rẹ́rìn-ín jù. Níbi tí Erinmi ti gbé ìpéǹpéjú sókè tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀gá Oníkọ́ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn. Wọ́n wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní igbákejì àwọn tó ti kú ni ayàwòrán yìí yà, ó jọ ọ́ bí ìmumu. Bí ìyà ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ò tiẹ̀ rántí pé òun ló ni ín.

Nígbà tí wọ́n tan iná, wọ́n pe bàbá ẹ kí wọ́n wá sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ dìde pẹ̀lú ìwé mẹ́ta, wọ́n dé ibi gbohùngbohùn, wọ́n dúró. Wọ́n ti rí màmá ẹ lẹ́yìn. Wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n fi í sápò, wọ́n sì gba àárín àga rìn lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, gbogbo èèyàn ń yíjú tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró níwájú màmá ẹ. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ.

Bàbá ẹ ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Màmá ẹ ní, "Ẹ ò bi mí. Ẹ ní mo sun ún."

Bàbá ẹ yọ awò wọn. Wọ́n ní, "Mò ń bi ọ́ báyìí."

Màmá ẹ ní, "Ẹ ti pẹ́." Wọ́n gbé báàgì wọn láti orí itan kan sí èkejì. Wọ́n ní, "Ẹ lọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí yín."

Bàbá ẹ padà síbi gbohùngbohùn. Wọn ò yọ ìwé náà mọ́. Wọ́n ní, "Èmi ni mo yà á. Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kó kú." Wọ́n sì lọ jókòó. Ẹni tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, ọjọ́ tí wọ́n fún un ní gbohùngbohùn, gbólóhùn méjì ló rí sọ. Ọ̀gá Tuntun rò pé ó wà nínú ètò, wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Mo sunkún díẹ̀, eruku sítúdíò ni.

Má tíì lọ ra aṣọ ìgbéyàwó o. Ilé kálukú ni kálukú ṣì ń sùn. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màmá ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà tó tó láti mu tíì tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Èmi náà wà níbẹ̀. Màmá ẹ ní àwọn fẹ́ sọ nǹkan kan tó ti wà nínú àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, bàbá ẹ sì tẹrí ba, wọ́n ti múra láti gba ìyà wọn. Màmá ẹ wá ní, níbi tí Erinmi ti ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ márùn-ún ló ní nínú àwòrán kan. Bàbá ẹ ní mẹ́rin ni. Màmá ẹ ní àwọn ti wò ó lórí tábìlì onígíláàsì lákòókò oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọọdún títí àwọn fi fẹ̀yìn tì, márùn-ún ni. Wọ́n jà sí i fún wákàtí kan gbáko, ìjà gidi, inú mi dùn. Èmi ni wọ́n rán kí n lọ kà á. Márùn-ún ni. Bàbá ẹ ti ń sọ báyìí pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Nígbà tí bàbá ẹ lọ tán, màmá ẹ bi mí bóyá ìwọ ti gbọ́. Mo ní màá kọ̀wé sí ẹ. Wọ́n ń nu tábìlì, wọ́n nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mi ò bínú sí i." Wọ́n nù ún títí dé etí, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Rárá, má kọ ìyẹn. Kọ ọ́ pé mo bínú. Ṣùgbọ́n kó máa bọ̀."

Bá mi kí ọkọ ẹ, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bá mi fi ọwọ́ pa èyí tó kéré jù lórí. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un. Má fi káàdì dá mi lóhùn.

                                                  Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ ẹ tí kì í bínú,
                                                  Akọ̀wé Abẹ́ Ilé.